Ìdíje Ìbéèrè àti Ìdáhùn láàrin Àwọn Ilé-Ẹ̀kọ́

Kí ìwé kíkà tó dé ilẹ̀ Yorùbá ni àwọn àgbà ti mọ bí a ti í fi ìbéèrè dán ọgbọ́n ọmọdé wò. Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí iṣẹ́ oko bá ti parí tí a sì ti jẹun tán, àwọn ọmọ agbo-ilé a péjọ sí ọ̀dọ̀ àgbà kan, ìbáà ṣe ní Iléṣà, ìbáà ṣe ní Òṣogbo, àgbà náà a sì pa àlọ́ àpamọ̀ fún wọn. A ní kí wọ́n sọ ohun tí ó jẹ́ awẹ́ obì kan ṣoṣo tí a jẹ títí dé Ọ̀yọ́ tí kò tán. Ọmọ tí ó bá kọ́kọ́ dáhùn pé ahọ́n ni, òun ni ìyìn tọ́ sí. Èyí tí kò mọ̀ ọ́n a lọ sùn pẹ̀lú ìtìjú díẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá tún bi í ní ọjọ́ kejì, kò ní í gbàgbé mọ́. Báyìí ni eré ṣe ń di ẹ̀kọ́.

Ìdíje tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ń pè ní kúìsì kò jìnnà sí èyí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì tàbí mẹ́rin a dúró fún ilé-ẹ̀kọ́ wọn. Olùbéèrè a jókòó níwájú. Akọ̀wé a máa ka máàkì. Adájọ́ a sì máa ṣọ́ òfin. Ohun mẹ́ta ni a ń wá lára ẹni tí yóò borí: kí ó mọ̀ ọ́n, kí ó tètè rántí rẹ̀, kí ó sì mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó panu mọ́. Àwọn ìdíje kan ti wáyé ní ayé yìí tí a kò lè gbàgbé, nítorí pé wọ́n fi ọ̀kan nínú ohun mẹ́ta wọ̀nyí hàn gbangba.

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ìdíje tí a ń pè ní College Bowl bẹ̀rẹ̀ lórí rédíò ní ọdún 1953, ó sì bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n ní ọdún 1959. Ní ọdún 1966, Agnes Scott College, ilé-ẹ̀kọ́ gíga kékeré kan tí ó jẹ́ ti àwọn obìnrin ní ìpínlẹ̀ Georgia, pàdé Princeton, yunifásítì tí òkìkí rẹ̀ kàn ká gbogbo ayé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti pín ẹran kí wọ́n tó pa á. Wọ́n ní Princeton ni yóò borí. Ó kù díẹ̀ kí àkókò tán, Princeton sì ń ṣíwájú. Ní ìṣẹ́jú àáyá tí ó kẹ́yìn gan-an, ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin náà, ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran, dáhùn ìbéèrè ìkẹyìn. Nígbà tí a ka máàkì, Agnes Scott ní 220, Princeton ní 215. Máàkì márùn-ún péré ni ó wà láàrin wọn, ṣùgbọ́n ó ti tó láti fi hàn pé orúkọ ńlá kì í dáhùn ìbéèrè fún ẹnikẹ́ni.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìdíje University Challenge bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n ní ọdún 1962. Ní ọdún 1972, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Sussex jáde níbẹ̀ pẹ̀lú máàkì mẹ́wàá péré. Ní ọdún 1987, àwọn ti University College ní Oxford gba 520. Ẹ wo bí ọwọ́ ẹni tí ó yege ti jìnnà sí ti ẹni tí ó kùnà tó! Síbẹ̀, kì í ṣe máàkì nìkan ni àwọn ènìyàn ń rántí. Ní ọdún 1975, inú bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Manchester, nítorí pé olúkúlùkù kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ó wà ní Oxford àti Cambridge ni a gbà láyè láti fi ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, nígbà tí Manchester, bí ó ti tóbi tó, kò ní ju ẹgbẹ́ kan lọ. Ohunkóhun tí a bá bi wọ́n, orúkọ àwọn olóṣèlú bíi Karl Marx, Lenin, Trotsky àti Che Guevara ni wọ́n fi ń dáhùn. Ẹ̀hónú wọn dé etí gbogbo ayé, ṣùgbọ́n ife ẹ̀yẹ kọjá lọ́wọ́ wọn.

Èyí tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2009 tún jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ. Corpus Christi College ti Oxford pàdé Manchester ní ìdíje àṣekágbá, wọ́n sì borí pẹ̀lú 275 sí 190. A ti gbé ife fún wọn, ìyìn sì ti gba ìlú kan, kí a tó wá mọ̀ pé ọ̀kan nínú wọn ti kúrò ní ipò akẹ́kọ̀ọ́ kí ìdíje náà tó parí. Òfin sì sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ni ó lè díje. A gba ife náà lọ́wọ́ wọn, a sì fi í fún Manchester. Kò sí ẹni tí ó sọ pé wọn kò mọ̀wé. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó lè sọ pé ìmọ̀ wọn ju òfin lọ. Ìmọ̀ a máa gbé ènìyàn dé orí àga, ṣùgbọ́n òtítọ́ ni í jẹ́ kí ó pẹ́ níbẹ̀.

Nítòsí ilé, ní orílẹ̀-èdè Gánà, ìdíje ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò ti di ohun tí gbogbo ìlú ń retí lọ́dọọdún. Ní ọdún 1993 ni a dá a sílẹ̀. Olùbéèrè àkọ́kọ́ rẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Marian Ewurama Addy, onímọ̀ nípa kẹ́míkà inú ara ohun alààyè. Láti ọdún 2006 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Elsie Effah Kaufmann ti jókòó sí ipò kan náà. Obìnrin ni àwọn méjèèjì, ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin sì ti ti ara wọn kọ́gbọ́n. Ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni ó ń pàdé lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ìpele òtítọ́-tàbí-irọ́, máàkì méjì ni ìdáhùn tí ó tọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ṣì í yóò pàdánù máàkì kan. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n tí ó sì dákẹ́ kò pàdánù nǹkan. Ìpele ìkẹyìn a máa rán ọmọ Yorùbá létí ilé, nítorí pé àlọ́ àpamọ̀ gan-an ni. A ń sọ àmì ohun náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n ní àmì kìn-ín-ní gba máàkì márùn-ún, ní àmì kejì mẹ́rin, lẹ́yìn èyí mẹ́ta. Ẹni tí ó bá sì fi ìwàǹwára dáhùn tí ó ṣì í, ọ̀nà ti dí mọ́ ọn lórí àlọ́ náà.

Títí di ọdún 2024, PRESEC ti Legon ni ó ní ife jù lọ nínú ìdíje yìí: ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni ó gbà á. Prempeh College ti Kumasi tẹ̀ lé e pẹ̀lú márùn-ún. Àwọn méjèèjì pàdé ní àṣekágbá ọdún 2021, Prempeh sì borí pẹ̀lú 53 sí 49. Ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ kẹta tí ó gba 30 ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pàtẹ́wọ́ fún. Láti Keta, ní etí òkun, ni ó ti wá. Kò tí ì sí ilé-ẹ̀kọ́ kan láti agbègbè Volta tí ó dé àṣekágbá rí, ọmọbìnrin sì ni ọ̀kan nínú àwọn méjì tí ó dúró fún un. Nígbà mìíràn, ẹni tí ó ṣe ìkẹta ni ó la ọ̀nà.

Kí ni èyí kan àwọn ọmọ Iléṣà àti Òṣogbo? Ó kàn wọ́n púpọ̀. Láti ọdún 1934 ni Ilesa Grammar School ti wà, láti ọdún 1950 sì ni Osogbo Grammar School ti wà. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn pọ̀ yí wọn ká. Ọ̀nà tí ó so ìlú méjèèjì pọ̀ kò jìn rárá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa pàdé nínú gbọ̀ngàn, ariwo a sọ, ilé-ẹ̀kọ́ kan a borí. Bí a kò bá kọ ọ́ sílẹ̀ ńkọ́? Nígbà tí àwọn akọni ọjọ́ náà bá jáde ilé-ẹ̀kọ́, ìtàn náà bá wọn jáde nìyẹn. Lẹ́yìn ogún ọdún, ẹnì kan yóò ní ilé-ẹ̀kọ́ tòun ni ó borí, ẹnì kejì yóò ní irọ́ ni, kò sì ní í sí ìwé tí yóò là wọ́n níjà.

Ó yẹ kí ọmọ Ìjẹ̀ṣà rántí òṣómàáló. Oníṣòwò náà a gbé aṣọ fún oníbàárà láwìn, a lọ, a sì padà ní ọjọ́ tí wọ́n dá. A lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà títí yóò fi gba owó rẹ̀. Bí kò bá mọ iye tí ó tà àti ẹni tí ó tà á fún, lásán ni ìlóṣòó rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ní ìwé kan tí a ó máa kọ ọjọ́ ìdíje sí, pẹ̀lú ibi tí a ti ṣe é, orúkọ àwọn tí ó díje, máàkì wọn, àti ìbéèrè tí ó kẹ́yìn. Kí a kọ ọjọ́ tí a pàdánù bí a ti ń kọ ọjọ́ tí a borí.

Ọmọ Òṣogbo náà ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀ nílé, nítorí ìlú aró ni ìlú rẹ̀. Aṣọ tí a rì bọ aró lẹ́ẹ̀kan kì í dú. Aláró a rì í, a sá a, a tún un rì, títí yóò fi dú bí ó ti fẹ́. Ẹni tí ó bá ń ka ìwé ní alẹ́ ọ̀la ìdíje nìkan dà bí aṣọ tí ó kan omi aró lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tí ó bá ń kà á lójoojúmọ́, bí ife kò bá tilẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, aró ìmọ̀ ti mú un, kò sì ní í ṣí mọ́.

Ìbéèrè

1. Ọ̀nà wo ni àlọ́ àpamọ̀ àti ìdíje òde-òní fi jọ ara wọn?
2. Kí ni ó fà á tí a fi gba ife lọ́wọ́ Corpus Christi College ní ọdún 2009? Ǹjẹ́ ìdájọ́ náà tọ́?
3. Ṣàlàyé ìgbà tí dídákẹ́ fi sàn ju ìdáhùn lọ nínú ìdíje Gánà.
4. Kọ àròkọ lórí ìdíje kan tí ó wáyé ní ilé-ẹ̀kọ́ rẹ. Má ṣe fi ọjọ́, ibi àti máàkì sílẹ̀.