Ṣé ká fi jíìpù bàbá wa ta àwọn ọmọ aláìlóbìí lọ́rẹ?

ÌBÉÈRÈ: Bàbá wa jáde láyé ní èṣí, wọ́n sì fi jíìpù Mercedes GL 320 CDI tọdún 2008 sílẹ̀ nínú ọgbà ilé wa ní Ìlobùú. Dísẹ́ẹ̀lì ló ń mu. Láti ìgbà tí a ti sin wọ́n, kò sẹ́ni tó gbé e jáde. Àwa ọmọ fẹ́ fi ṣe sàráà fún wọn. Mo rò pé ká fún ẹgbẹ́ aláàánú kan tó ń tọ́jú ọmọ aláìlóbìí, kí wọ́n máa fi gbé aláìsàn lọ sílé ìwòsàn. Àmọ́ ọmọ Ìfọ́n ni ìyá wa, ẹ sì mọ ìjà ilẹ̀ tó ṣẹlẹ̀ láàárín ìlú méjèèjì. Àbúrò mi tó wà ní Amẹ́ríkà ní àwọn èèyàn ń fi mọ́tò tọrẹ níbẹ̀ lójoojúmọ́, pé kò le rárá. Kí ni ká ṣe?
Àkọ́bí obìnrin, Ìlobùú.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ọ̀fọ̀ o. Ọlọ́run á dẹlẹ̀ fún bàbá. Ẹni tó bí irú yín lọ́mọ kò kú gbé.

Ẹ ta jíìpù náà, kí ẹ fi owó rẹ̀ ṣe sàráà. Ìmọ̀ràn mi nìyẹn. Mo mọ̀ pé ọkàn yín fà sí mọ́tò náà fúnra rẹ̀ torí pé bàbá ló gùn ún, àmọ́ ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀.

Táńkì GL yìí ń gbà tó 100 lítà. Nígbà tí ilé ìfọpo Dangote dín owó dísẹ́ẹ̀lì kù ní oṣù Kẹrin 2024, 1,000 náírà ni wọ́n sọ lítà kan di fún àwọn alágbàtà. Ká tiẹ̀ fi iye yẹn ṣírò, láìka èrè onílé-epo: 100,000 náírà ni kí táńkì tó kún lẹ́ẹ̀kan. 70,000 náírà sì ni owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba àpapọ̀ sọ di òfin lọ́dún 2024. Ilé ọmọ aláìlóbìí tó ń wá owó gàrí, níbo ni yóò ti rí owó yẹn?

Epo nìkan kọ́. Ìnjẹ́kítọ̀ irú ẹ́ńjìnnì yìí kò fara da omi tàbí ìdọ̀tí nínú dísẹ́ẹ̀lì, ẹ sì mọ irú epo tá a máa ń rà. Àpò afẹ́fẹ́ ló gbé ara ọkọ̀ náà dúró. Bó bá jò, jíìpù á jókòó sílẹ̀, kò ní lè rìn. Mẹkáníìkì tó ní kọ̀ǹpútà tó lè bá a sọ̀rọ̀ ló lè tún un ṣe, ẹ̀yà ara rẹ̀ sì di ọjà Ládípọ̀ l'Ékòó tàbí Gate n'Ìbàdàn. Ọrẹ tí ń jẹ owó lọ́wọ́ ẹni tí a fún, gbèsè ni.

Gbígbé aláìsàn náà kò bá a mu. Ilẹ̀ rẹ̀ ga, kò rọrùn láti tẹ́ ẹni tó ń rọbí tàbí tó ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ síbẹ̀, nọ́ọ̀sì kò sì ní rí ibi dúró. Bọ́ọ̀sì kékeré ló wúlò fún irú iṣẹ́ yẹn.

Òótọ́ ni àbúrò yín sọ, àmọ́ ó ku díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ aláàánú ní Amẹ́ríkà kì í gun mọ́tò tí wọ́n bá fún wọn. Gbàǹjo ni wọ́n ń lù ú, owó rẹ̀ ni wọ́n ń ná. Kódà láti 2005, bí wọ́n bá ta mọ́tò tó ju 500 dọ́là lọ, iye tí wọ́n tà á ni ẹni tó fi tọrẹ lè yọ kúrò nínú owó tí wọ́n máa bu owó orí lé.

Kí ẹ tó tà á, ẹ rántí pé orúkọ bàbá ló ṣì wà lórí ìwé. Ẹ lọ sí ilé ẹjọ́ gíga ní Òṣogbo láti gba ìwé àṣẹ ìṣàkóso ogún. Ìyá yín lè ní ìpín tirẹ̀ níbẹ̀. Bí ẹ bá jẹ́ Mùsùlùmí, ẹ jẹ́ kí ààfáà tó mọ ìpín ogún jókòó tì yín, nítorí sàráà kì í wá látinú ohun ẹlòmíràn. Ẹ wá ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù rẹ̀ jáde pẹ̀lú. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ọkọ̀ náà lọ láì yí orúkọ padà. Bó bá kọlu èèyàn lọ́nà, ilé yín ni ọlọ́pàá yóò kọ́kọ́ wá.

Ẹ má ṣe tẹ ẹ́ ṣáná lásán lẹ́yìn ìgbà tó ti pẹ́ nílẹ̀. Kí mẹkáníìkì kọ́kọ́ fa dísẹ́ẹ̀lì àtijọ́ dànù, kó pààrọ̀ fílítà àti bátìrì. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lẹ́bàá DOT lára táyà láti mọ ìgbà tí wọ́n ṣe é: 2318 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2018.

Ní ti Ìlobùú àti Ìfọ́n, ọ̀rọ̀ yẹn ló dùn mí jù. Ìjà ilẹ̀ náà le débi tí ìjọba fi kéde kónílé-ó-gbélé ní 2025, bẹ́ẹ̀ àna ara wọn ni wọ́n, bí ilé tiyín ṣe fi hàn. Bí jíìpù kan ṣoṣo bá lọ sí ìlú kan, ìlú kejì lè bínú. Owó ṣeé pín sí méjì. Bó bá jẹ́ èmi ni, màá fi san owó ìtọ́jú àwọn ọmọdé láti ìlú méjèèjì nílé ìwòsàn ńlá UNIOSUN ní Òṣogbo, kí n sanwó fún káṣíà ilé ìwòsàn gan-an kí n sì gba rìsíìtì. Bó bá jẹ́ ẹgbẹ́ aláàánú lẹ fẹ́ fún, ẹ yẹ orúkọ wọn wò lọ́dọ̀ CAC, àjọ tó ń forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀, kí owó sì wọ àkáǹtì ẹgbẹ́, kì í ṣe ti olórí ẹgbẹ́.

Bí oníbàárà bá wá bu owó yẹpẹrẹ, ẹ bi Pólì Ẹdẹ tàbí ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ìjọba l'Óṣogbo bóyá wọ́n fẹ́ ẹ́ńjìnnì tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò máa tú palẹ̀ láti fi kọ́ṣẹ́. Ìyẹn kò ní béèrè dísẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá ìyá yín sọ̀rọ̀ kí ẹ tó bá alágbàtà ọkọ̀ kankan sọ̀rọ̀.