Ẹ̀KỌ́ KỌ̀ǸPÚTÀ: ỌWỌ́ TA NI KỌ́KỌ́RỌ́ ÀGBÀ WÀ?

Kọ̀ǹpútà tí a fi ń kọ owó ẹgbẹ́ sílẹ̀ ń pariwo pé Windows òun ò tíì gbàṣẹ. A ra nọ́ńbà àṣẹ náà, lẹ́tà àti nọ́ńbà 25. Bí mo bá ti fẹ́ tẹ̀ ẹ́, á ní kí n mú password wá. Mo fi tèmi sí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó kọ̀. Ó kù díẹ̀ kí n lọ bá ẹni tó tà á jà!

Nọ́ńbà ò jẹ̀bi. Àkáǹtì Standard ni mo wà, èyí tí Windows àtijọ́ ń pè ní Limited. Ọmọọṣẹ́ ni: ó lè tajà, kò lè pààrọ̀ àgádágodo ìsọ̀. Administrator ni ọ̀gá, password tirẹ̀ ló ń béèrè. Ọmọkùnrin tó bá wa to kọ̀ǹpútà nìkan ló sì mọ̀ ọ́n, òun náà ti rìnrìn àjò. Ọjọ́ mẹ́sàn-án la fi dúró! Ìgbà tó dé, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo àkáǹtì inú rẹ̀ ló jàǹfààní.

Ẹ má torí èyí máa fi Administrator ṣiṣẹ́ ojoojúmọ́ o. Bí fáírọ́ọ̀sì bá bá yín níbẹ̀, gbogbo ilé ló máa rìn já. Ẹ kàn gba password náà lọ́wọ́ ẹni tó tò ó. Tiwa ti wà nínú àpótí akápò.