Ọkọ̀ Akérò àti Ọ̀nà Tirẹ̀

Ìyànà Ìbà ni oríta tí ọ̀nà Ìbà ti ya kúrò lára òpópónà Èkó sí Àgbádárìgì. Níbẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, àwọn oníṣòwò àti òṣìṣẹ́ ti ń wọkọ̀ láàárọ̀.

Àwọn kan a máa sọ pé bí ìjọba bá ti ra ọkọ̀, ìyà èrò tán. Lóòótọ́, dáńfó a máa fowó lé owó bí òjò bá ń rọ̀, ṣùgbọ́n iye kan pàtó ni ti ọkọ̀ ìjọba. Ìdí nìyí tí Ìgbìmọ̀ Ìlú Èkó fi ṣe ohun tí ó dára nígbà tí ó gba ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ Zarpas ní 1958. Síbẹ̀, bí ọkọ̀ méjèèjì bá jọ há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, kí ni èrè akẹ́kọ̀ọ́ tí ìdánwò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́jọ? Nítorí náà ni a ṣe ya ojú ọ̀nà sọ́tọ̀ fún ọkọ̀ BRT láti Mile 12 dé CMS ní oṣù kẹta, 2008.

Ọkọ̀ dára, ọ̀nà tí kò ní ìdíwọ́ ni ó ń sọ ọ́ di ìrọ̀rùn. Dáńfó pẹ̀lú kò ṣeé tì sẹ́yìn, nítorí òun ni ó ń wọ àdúgbò tí ọkọ̀ ńlá kò lè dé.