Ọ̀bẹ Alọ́dà Tó Họ Lójú, Ṣé Ó Ti Bàjẹ́ Ni?

Àwa tí ń ta ohun ìdáná mọ ẹjọ́ yìí: oníbàárà ra ọ̀bẹ tí wọ́n kun ojú irin rẹ̀ lọ́dà, ọ̀sẹ̀ kan kò pé, ó gbé e padà, ó ní ayédèrú ni, ojú rẹ̀ ti họ.

Kí a tó bá a jà, ẹ fi àkísà rírọ̀ àti òróró díẹ̀ nù ún. Bí ìlà náà bá lọ, ọ̀bẹ kò họ rárá. Irin mìíràn ló kùn ún lára. Bí kò bá lọ, ẹ wo ẹnu ọ̀bẹ. Ẹnu ló ń gé ẹran, kì í ṣe ọ̀dà. Àmọ́ tí irin bá hàn, ó lè dípẹtà níbẹ̀: ẹ fọ̀ ọ́, ẹ nù ún gbẹ lójú ẹsẹ̀, ẹ fi òróró pa á. Iyanrìn àti kànrìnkàn onírin kò bá a rẹ́ o.

Ọ̀kan nínú wa fi kútẹ́ẹ̀sì dúdú bo ìlà kí ó lè tà á. Háà! Ṣebí inú ọbẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ ni yóò bó sí? Ẹ fi ìlà náà han oníbàárà, kí ẹ dín owó rẹ̀ kù. Èyí tí ọ̀dà rẹ̀ bá ti ń bó wẹ́wẹ́, ẹ gbé e kúrò lórí àtẹ.