Àròkọ Ajẹmọ́-Ìsípayá: Fífọ Ọkọ̀ Láìpọn Omi

Nínú irú àròkọ yìí, má ṣe fi ìpínrọ̀ kan yin ọkọ̀. Ohun tí olùdánwò ń wá ni bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ àti ìdí rẹ̀. Ka àpẹẹrẹ yìí:

"Abẹ́ ibòji ni a ń gbé ọkọ̀ sí, nítorí bí ara rẹ̀ bá gbóná, ọṣẹ náà yóò gbẹ kí a tó nù ún. Láti orí ọkọ̀ ni a ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí ìsàlẹ̀ ni ìdọ̀tí pọ̀ sí. A ó fín ọṣẹ náà dáadáa sí apá kan, a ó sì dúró díẹ̀ kí ó lè rin ìdọ̀tí. Aṣọ rírọ̀ tí a ká sí mẹ́rin ni a ó fi nù ún ní ọ̀nà kan ṣoṣo, láìtẹ̀ ẹ́. Bí ojú kan bá dọ̀tí, a ó yí aṣọ sí òmíràn. Aṣọ gbígbẹ mìíràn ni a ó fi dán an."

Kíyè sí "nítorí" méjèèjì. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí o bá kọ ọ́ pé ọṣẹ yìí dára fún gbogbo ọkọ̀, o ti ṣìnà. Eruku fẹ́ẹ́rẹ́ ni ó wà fún. Ọkọ̀ tí ó ti inú ẹrẹ̀ bọ̀, omi ni kí a kọ́kọ́ fi ṣan án. Bí a bá fi aṣọ nù ún bẹ́ẹ̀, yanrìn ara rẹ̀ yóò ha ọ̀dà, ọṣẹ kankan kò sì lè tún un ṣe. (Ẹni tí ó ti kun ọkọ̀ rí mọ iye tí ó ń náni.) Fún kókó yìí ní ìpínrọ̀ tirẹ̀, ṣáájú ìkádìí.