Ẹ Má Fi Àṣekúdórógbó Yangàn

Aago mẹ́rin ìdájí, ibùdókọ̀ Ìkòròdú ti kún. Ẹnìkan tó wọ ṣúùtì ti forí ti fèrèsé dánfó, ó ti sùn lọ kí ọkọ̀ tó gbéra. Aago mẹ́wàá alẹ́ ló máa tó délé. Bí ẹ bá bi í léèrè, á ní Èkó ò gba gbẹ̀rẹ́.

Àṣekúdórógbó kì í ṣe oríkì. Àmọ́ lóde òní, ọ̀gá ń fi yin òṣìṣẹ́, òṣìṣẹ́ sì ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín kọ́ ló yẹ kó rín.

Lọ́dún 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé jọ gbé ìwádìí kan jáde: ní 2016 nìkan, iṣẹ́ àṣejù fa ikú nǹkan bí 745,000 ènìyàn, nípasẹ̀ àrùn rọpárọsẹ̀ àti àrùn ọkàn. Wákàtí 55 lọ́sẹ̀ ni wọ́n fi ṣe ààlà. Ẹ ṣírò tiyín wò: aago mẹ́jọ àárọ̀ sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ fún ọjọ́ márùn-ún, ẹ wá fi wákàtí márùn-ún Sátidé kún un, ó pé. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ò tilẹ̀ sí nínú rẹ̀. Àwọn ará Japan ti fún irú ikú yìí lórúkọ, karoshi, ìjọba wọn sì ń san owó fún ẹbí olóògbé.

Ẹ̀jẹ̀ ríru, tó máa ń fa rọpárọsẹ̀ àti àrùn ọkàn, kì í sábà kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Ẹ lọ wọn tiyín. Kò gbà ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Ohun mímu inú agolo tó ń lé oorun ò lè dípò oorun, pàápàá fún ẹni tó ń wakọ̀.

Ẹ gba ìsinmi yín pẹ̀lú. Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà fún òṣìṣẹ́ ọwọ́ àti akọ̀wé ní ọjọ́ ìsinmi kan nínú méje, àti ó kéré tán ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà lọ́dún pẹ̀lú owó oṣù. Ọ̀gá tó bá ní kẹ́ ẹ gba owó dípò ìsinmi ọdún yẹn, òfin ò sí lẹ́yìn rẹ̀.

Bí ẹnu ẹnìkan níbi iṣẹ́ bá ṣàdédé wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí apá rẹ̀ kan ò ṣe é gbé mọ́, tàbí tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu, ó lè jẹ́ rọpárọsẹ̀; ilé ìwòsàn ńlá ni kẹ́ ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Kò sí pé kó lọ rọra sùn ná, kò sì sí pé ó ku fáìlì kan.