Orí Keje: Ọgbẹ́ Inú Àpáta

Bí obìnrin bá fẹ́ ra ìkòkò lọ́jà, kì í fi ojú nìkan wò ó. Á fi ìka lù ú, á sì dẹtí sí i. Ìkòkò tó ti sán kì í dún bí èyí tó pé. Ibi tó sán lè má hàn síta rárá, ṣùgbọ́n omi yóò rí i.

Bẹ́ẹ̀ ni àpáta tí wọ́n fi ẹ̀tù fọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ á lu ihò tẹ́ẹ́rẹ́ sí i, wọ́n á kì ẹ̀tù sínú ihò náà, wọ́n á sì yìn ín. Apá tí wọ́n fẹ́ á fọ́ kúrò. Apá tó ṣẹ́kù, tó dúró bí ògiri, gba ọgbẹ́ tirẹ̀.

Bí ẹ̀tù bá ti bú, agbára rẹ̀ á gba inú òkúta kọjá bí ìgbì. Nínú akọ òkúta, ìgbì yìí lè sáré tó nǹkan bí 5,000 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Òkúta etí ihò á rún wómúwómú. Bó bá síwájú díẹ̀, ìgbì náà kò lè rún òkúta mọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì lè fà á ya. Òkúta le bí a bá ń tẹ̀ ẹ́. Bí a bá ń fà á, kò le tó bẹ́ẹ̀. Agbára tó ń fà á ya sábà máa ń jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá èyí tó ń tẹ̀ ẹ́ fọ́. Lẹ́yìn èyí ni èéfín gbígbóná á wọ ibi tó sán, á sì tún là á sí i.

Ojú kò lè tẹ̀ lé gbogbo èyí. Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ ṣe ń ya àpáta sínú kọ̀ǹpútà, tí wọ́n ń pín in sí ègé kéékèèké púpọ̀. Kọ̀ǹpútà á ṣírò ohun tó dé bá ègé kọ̀ọ̀kan. Ègé tí nǹkan kan kò ṣe gba 0, èyí tó bàjẹ́ tán gba 1. Ní 1971, onímọ̀ kan, Peter Cundall, gbé ọ̀nà kan jáde tó jẹ́ kí àwọn ègé lè yà kúrò lára ara wọn, bí òkúta gidi ti ń ṣe.

Ní Äspö, lórílẹ̀-èdè Swídìn, wọ́n gbẹ́ ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ tó jìn tó 460 mítà sínú akọ òkúta. Wọ́n ń wádìí bí irú àpáta bẹ́ẹ̀ ṣe lè tọ́jú epo nukilia tí wọ́n ti lò tán. Omi ni wọ́n ń ṣọ́ra fún níbẹ̀. Bí ibi tó sán kan bá so mọ́ òmíràn, omi ti rí ọ̀nà nìyẹn. Wọ́n fi ayùn rẹ́ òkúta ògiri ọ̀nà náà jáde, wọ́n sì wo ibi tó sán lọ́kọ̀ọ̀kan. Níbẹ̀ náà ni wọ́n ti rí i pé ọgbẹ́ ilẹ̀ jìn ju ti ògiri lọ, torí ẹ̀tù ihò ìsàlẹ̀ ló pọ̀ jù.

Lójú tèmi, ayùn yẹn ṣe pàtàkì tó kọ̀ǹpútà. Ohun tí a bá sọ fún kọ̀ǹpútà ló ń ṣírò. Bí a bá ṣì í sọ, àwòrán tó dára ni yóò fi yà á fún wa. Bí àwòrán àti òkúta tí wọ́n rẹ́ bá bára mu, ìgbà náà ni ẹnjiníà lè dín ẹ̀tù àwọn ihò tó sún mọ́ ògiri kù nínú kọ̀ǹpútà, kó wo ibi tí ọgbẹ́ yóò dé, kí ẹnikẹ́ni tó yin ihò kan ṣoṣo.